Kí ọmọ yín tó buwọ́ lùwé láti ṣeré fún yunifásítì ní Amẹ́ríkà

Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá yunifásítì kan bá jókòó ní pálọ̀ yín, tó jẹ ìrẹsì yín, tó yin ìyá, tó yin bàbá, tó wá ní ọmọ yín ti di ọmọ ilé àwọn, ẹ jẹ́ kó jẹun tán. Lẹ́yìn náà kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan: "Ní yunifásítì yín, ta ló lè sọ fún ẹ̀yin pé rárá, tí ẹ ó sì gbà?" Kí ẹ wá máa wo ojú rẹ̀.

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa bi wọ́n, níbi ìwé àdéhùn, níbi dókítà, níbi ẹ̀kọ́, níbi owó. Nọ́ọ̀sì ni mí, Prince George's County ní Maryland ni mò ń gbé. Ọmọ mi obìnrin sá eré 400 mítà fún yunifásítì kan ní ìhà ìlà oòrùn níbí. Ó ti ṣe tán, ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ń pè mí lálẹ́ Sunday: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti fi ìwé ránṣẹ́ sí ọmọ mi, kí la máa ṣe?" Ó ti sú mi láti máa sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo bá kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ mọ ẹni tó ń ṣòfin

NCAA ni àjọ tó ń darí èyí tó pọ̀ jù nínú eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1906 ni wọ́n dá a sílẹ̀, lẹ́yìn tí football àwọn Amẹ́ríkà ti pa àwọn ọ̀dọ́ débi pé Ààrẹ Theodore Roosevelt fúnra rẹ̀ pe àwọn olórí ilé ìwé sọ́dọ̀. Nítorí kí ọmọ má bàa kú lórí pápá ni. Lónìí, yunifásítì tó wà nínú rẹ̀ tó 1,100, àwọn yunifásítì náà ló sì ń jókòó ṣe òfin tí yóò mú àwọn fúnra wọn. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n pín wọn sí: Division I lówó jù, Division II tẹ̀ lé e, Division III kì í sì í fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí eré. Àwọn Ivy League, ìyẹn Harvard, Yale àti ẹgbẹ́ wọn, náà kì í fún un, bí wọ́n tilẹ̀ wà ní Division I. Tí ẹnìkan bá sọ fún yín pé Harvard fẹ́ fún ọmọ yín ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí pé ó ń gbá basketball, kò mọ ohun tó ń sọ, tàbí kó jẹ́ pé ó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ yín.

Ọ̀pọ̀ ohun rere tó ti dé bá àwọn ọmọ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ilé ẹjọ́ tàbí òfin ìpínlẹ̀ ló ti NCAA débẹ̀. Ní June 2021, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fẹnu kò nínú ẹjọ́ Alston pé NCAA kò lè dí yunifásítì lọ́wọ́ láti fún eléré ní owó tó bá jẹ mọ́ ẹ̀kọ́. Ọjọ́ 1 July ọdún yẹn ni àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lórí orúkọ àti àwòrán ara wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní NIL. Nígbà tó di ọjọ́ 6 June 2025, adájọ́ Claudia Wilken fọwọ́ sí àdéhùn ẹjọ́ House: nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.8 dọ́là fún àwọn tó ti ṣeré sẹ́yìn, tí wọn yóò san fún ọdún mẹ́wàá, àti àyè fún yunifásítì láti máa sanwó fún eléré ní tààrà. Ní ọdún àkọ́kọ́, yunifásítì kan lè pín tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là. Kì í ṣe gbogbo yunifásítì ló wọ inú àdéhùn náà o, nítorí náà ìbéèrè tí ẹ máa kọ́kọ́ bi wọ́n nìyẹn: "Ṣé ẹ wọ inú House, àbí ẹ kò wọ̀ ọ́?"

Ìwé, kì í ṣe ẹnu

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé, ẹ kà á sí ohun tí wọn kò sọ.

Láti 1973, ọdún kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ eléré máa ń jẹ́, akọ́nimọ̀ọ́gbá sì lè má tún un ṣe bí ọmọ bá farapa tàbí tí kò gbá bọ́ọ̀lù dáadáa mọ́. Ọdún 2012 ni wọ́n tó tún gbà kí ó lè ju ọdún kan lọ. Láti August 2024, òfin Division I ní wọn kò gbọdọ̀ gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ọmọ nítorí ìfarapa tàbí nítorí bó ṣe ń ṣeré. Ó dára. Ṣùgbọ́n akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá fẹ́ kí ọmọ lọ kò nílò láti gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò pè é sí ọ́fíìsì, yóò ní "ìwọ àti èmi mọ̀ pé o kò ní rí àyè ṣeré níbí," yóò sì júwe portal fún un, ìyẹn ibi tí eléré ń forúkọ sí láti lọ sí yunifásítì mìíràn. Ọmọ tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ portal, yunifásítì lè dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró ní òpin sáà yẹn. Ẹ sọ fún ọmọ yín nísinsìnyí pé kò gbọdọ̀ tẹ nǹkan kan lórí fóònù ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kó tó pè yín.

Ìwé NLI, ìyẹn ìwé tí ọmọ fi ń ṣèlérí pé yunifásítì kan lòun máa lọ, tí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn máa ń fi ayẹyẹ buwọ́ lù níwájú kámẹ́rà, wọ́n ti pa á rẹ́ ní October 2024. Ìwé méjì ló ṣeé ṣe kó dé ọ̀dọ̀ yín báyìí. Ọ̀kan ni ti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Èkejì ni àdéhùn owó tí yunifásítì fẹ́ san fún ọmọ, èyí tí lọ́yà wọn kọ fún àǹfààní wọn. Ààbò tó wà nínú ìkíní lè má sí nínú ìkejì. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé wọ́n lè fòpin sí i, ibi tí ọmọ yóò ti dá owó padà bó bá kúrò, àti ibi tí wọ́n ti ní kò gbọdọ̀ gbé wọn lọ ilé ẹjọ́. Ẹ wá lọ́yà tiyín. Owó lọ́yà fún wákàtí méjì kò tó owó aṣọ ẹbí.

Nǹkan mìíràn tí àwọn òbí kì í béèrè ni iye ààyè. House fagi lé òté tó wà lórí iye ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó wá fi òté lé iye eléré: 105 fún football, 15 fún basketball ọkùnrin, gbogbo eré ló ní tirẹ̀. Nígbà tí èyí ń bọ̀ ní 2025, ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ti ṣèlérí ààyè fún ni wọ́n yọ kí adájọ́ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Wilken fúnra rẹ̀ ló kọ̀ pé òun kò ní fọwọ́ sí i àfi tí wọ́n bá wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà. Ẹ wo ẹni tó sọ pé rárá níbẹ̀: adájọ́ kan ní California, kì í ṣe ààrẹ yunifásítì kankan.

Dókítà ta ni?

Ibí ni mo máa pẹ́ sí, nítorí iṣẹ́ mi ni.

Ní ọjọ́ 29 May 2018, Jordan McNair, ọmọ ọdún 19 tó ń gbá football fún University of Maryland ní College Park, ń sáré ìdánrawò pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ooru mú un, ara rẹ̀ gbóná kọjá ohun tí ẹ̀yà ara ènìyàn lè gbà. Ọjọ́ 13 June ló kú sí ilé ìwòsàn. Ìwádìí tí yunifásítì gbé fún ẹni ìta fi hàn pé wọn kò wọn ìgbóná ara rẹ̀ bó ti yẹ, wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ bọ omi yìnyín. Ó lé ní wákàtí kan láti ìgbà tí àìsàn ti hàn lára rẹ̀ kí ọkọ̀ ánbúláǹsì tó gbé e kúrò níbẹ̀.

Irú ooru báyìí, a kì í sáré gbé aláìsàn lọ ilé ìwòsàn kí a tó tù ú. Inú omi yìnyín la kọ́kọ́ ń tẹ̀ ẹ́ sí, kí ìgbóná náà lè wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 30, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀. Bí wọ́n bá ṣe é lásìkò, ó ṣọ̀wọ́n kí ọmọ kú. Agbada ńlá kan, omi, àti yìnyín ni gbogbo rẹ̀. Kò wọ́n tó bàtà tí Nike ń fún akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú yín rìn yí ká, tí wọ́n ń fi yàrá eré ìmárale hàn yín, tí iná aláwọ̀ mèremère ń tàn, ẹ ní: "Ẹ mú wa lọ wo agbada yìnyín." Ẹ fi ojú ara yín rí i. Ẹ béèrè bó ṣe jìnnà sí pápá tó, ẹni tó ń gbé yìnyín wá, àti bóyá ó máa ń wà níbẹ̀ ní June àti July tí kò sí ìdíje. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń wọn ìgbóná ara ẹni tó ṣubú. Ihò ìdí nìkan ni ìdáhùn tó tọ́. Ìtìjú ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ti ẹnu àti ti etí máa ń parọ́ fún ẹni tó ti sáré. Kí wọ́n fún yín ní ìwé ètò pàjáwìrì pápá tí ọmọ yín yóò máa lò gan-an, kì í ṣe ti pápá ìṣeré ńlá nìkan.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ̀jẹ̀ AS. Àwa máa ń rántí rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá dé, a kì í rántí rẹ̀ lórí pápá. Ní 2006, Dale Lloyd II, tó ń gbá football fún Rice University ní Houston, kú lẹ́yìn ìdánrawò. AS ni, kò sì mọ̀. Àwọn òbí rẹ̀ pẹjọ́, láti inú ẹjọ́ náà sì ni òfin ti jáde pé láti 2010, gbogbo eléré tuntun ní Division I gbọ́dọ̀ mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀; nígbà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, ọmọ lè buwọ́ lùwé pé òun kò fẹ́ àyẹ̀wò. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ìwé àìfẹ́ bẹ́ẹ̀ wá, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín buwọ́ lù ú láéláé. Mo mọ àwọn ìyá tó ń fi AS ọmọ wọn pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù pé wọn yóò lé e. AS kì í ṣe ìdí láti lé ọmọ lórí pápá. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí wọ́n jẹ́ kó máa sinmi láàárín eré, kí ó máa mu omi, kí ó sì dúró lójú ẹsẹ̀ tí iṣan bá ń dùn ún tàbí tí èémí rẹ̀ bá ń gé. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá ka ìyẹn sí ọ̀lẹ ni ẹ gbọ́dọ̀ sá fún.

Ẹ wá béèrè ẹni tó ń sanwó fún dókítà. Láti 2016, òfin wà láàárín àwọn conference ńlá, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì tó ń bá ara wọn díje, pé ohun tí dókítà àti olùtọ́jú eléré bá sọ lórí ìlera ni abẹ gé, akọ́nimọ̀ọ́gbá kò lè yí i padà. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbà wọ́n síṣẹ́, ta ló sì lè lé wọn? Bó bá jẹ́ ẹ̀ka eré ìdárayá, òfin náà wà lórí bébà. Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn yunifásítì ni, ọkàn mi máa ń balẹ̀ díẹ̀. Ẹ wá ọ̀nà bá olùtọ́jú eléré sọ̀rọ̀ lẹ́yìn akọ́nimọ̀ọ́gbá, kí ẹ bi í pé: "Ìgbà wo lẹ kẹ́yìn dá eléré kan dúró tí ọ̀gá sì bínú?" Ẹni tó bá rántí ọjọ́ náà tó sì ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí, mi ò gbà á gbọ́.

Ti yàrá ìtọ́jú náà wà níbẹ̀. Larry Nassar, dókítà ní Michigan State, fi ọ̀pọ̀ ọdún ba àwọn ọmọbìnrin jẹ́ lórúkọ ìtọ́jú. Ní 2014, yunifásítì gba ẹ̀sùn kan, wọ́n ṣèwádìí, wọ́n sì dá a láre. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní 2018 ni wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù 500 dọ́là fún àwọn tí Nassar ṣe léṣe. Ẹ sọ fún ọmọ yín, ọkùnrin tàbí obìnrin, pé ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí ẹnìkejì wà nínú yàrá nígbà àyẹ̀wò. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, ohun ojoojúmọ́ ni. Ẹni tó bá bínú sí i ti sọ irú ẹni tó jẹ́.

Owó ìwòsàn: ẹ béèrè bóyá ìwé adójútòfò tiyín ni wọn yóò kọ́kọ́ lò kí tiwọn tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, bẹ́ẹ̀ ni. Láti August 2024, Division I gbọ́dọ̀ tọ́jú ìfarapa tó ti inú eré wá fún ọdún méjì ó kéré tán lẹ́yìn tí ọmọ bá ṣe tán. Orúnkún kì í mọ̀ pé ọdún méjì ti pé, ṣùgbọ́n ó sàn ju òfo lọ. Ní 1955, Ray Dennison fara gbá níbi tó ti ń gbá football fún Fort Lewis ní Colorado, ó sì kú. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún owó tí wọ́n ń san fún ìdílé òṣìṣẹ́ tó bá kú lẹ́nu iṣẹ́. Ilé ẹjọ́ gíga Colorado ní 1957 dáhùn pé ilé ìwé náà kì í ṣòwò football, wọn kò sì fún un ní kọ́bọ̀. Títí di báyìí, wọ́n ṣì ń bá ara wọn jà ní ilé ẹjọ́ lórí bóyá eléré yunifásítì jẹ́ òṣìṣẹ́. Títí tí wọ́n á fi parí ìjà yẹn, ìwé adójútòfò ni ẹ̀yin máa dì mú.

Ẹ̀kọ́ tí ọmọ lọ kọ́

Ní University of North Carolina, láti 1993 sí 2011, wọ́n ní àwọn kíláàsì tí kò sí olùkọ́ nínú wọn. Ọmọ yóò kọ bébà kan, akọ̀wé ọ́fíìsì ni yóò fún un ní máàkì. Ó lé ní 3,100 akẹ́kọ̀ọ́ tó gbà á kọjá, àwọn eléré sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn. Ìwádìí jáde ní 2014. Ní 2017, NCAA ní àwọn kò lè fìyà jẹ yunifásítì náà nítorí pé kíláàsì náà kì í ṣe fún eléré nìkan, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn náà ń ṣe é. Ẹ tún un kà. Nítorí pé wọ́n rẹ́ gbogbo ènìyàn jẹ, wọn kò jẹ̀bi.

Ohun tí ẹ máa ṣe: ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́, kí ẹ sì béèrè iye eléré inú ẹgbẹ́ yẹn tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Ọmọ mi fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣirò-owó, wọ́n ní kíláàsì kan kọlu àkókò ìdánrawò. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí i lórí àtẹ àkókò. Nígbà tí wọ́n gbé àtẹ náà jáde, àyè wà. Tí ìdáhùn bá jẹ́ "gbogbo wọn ń kọ́ nǹkan kan náà", ẹnìkan ló ń tì wọ́n síbẹ̀.

Òfin ní wákàtí 20 ni ìdánrawò gbọ́dọ̀ jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ ní àkókò ìdíje. Ìrìn àjò kò sí nínú rẹ̀. Ìtọ́jú ara kò sí nínú rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ìdíje, bó ti wù kó gùn tó, wákàtí mẹ́ta ni wọ́n ń kà á sí. Ẹ bi àwọn eléré tó ti wà níbẹ̀ ní agogo tí wọ́n ń jí. Tí wọ́n bá sì fi iye àwọn tó ń gboyè hàn yín, ẹ ní kí wọ́n fi ti ìjọba àpapọ̀ náà hàn, nítorí pé NCAA máa ń yọ àwọn tó kúrò nígbà tí máàkì wọn ṣì dára kúrò nínú ìṣirò tirẹ̀, ti ìjọba kì í yọ wọ́n. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì yóò sọ fún yín iye ọmọ tó ń kúrò níbẹ̀.

Owó

Mi ò ní pẹ́ níbí, nítorí ẹ̀yin náà mọ owó. NIL tó bá tó 600 dọ́là tí kò ti ọwọ́ yunifásítì wá, ọmọ gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ fún College Sports Commission. Owó orí wà lórí rẹ̀, ẹ máa fi apá kan pamọ́ kí ọmọ tó na gbogbo rẹ̀ sórí ọkọ̀. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní aṣojú, ẹ wo orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìpínlẹ̀ yín.

Yunifásítì ìjọba ni? Ìwé àdéhùn akọ́nimọ̀ọ́gbá jẹ́ ìwé ìjọba, ẹ lè béèrè fún un lábẹ́ òfin ìwé ìtagbangba. Ẹ wo iye tí wọn yóò san fún un bí wọ́n bá lé e. Texas A&M lé tirẹ̀ ní November 2023, ohun tí wọ́n sì jẹ ẹ́ lé ní mílíọ̀nù 75 dọ́là. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí wọn kò lè san owó ìlékúrò rẹ̀, ta ló fẹ́ sọ fún un pé rárá? Ìjọba àpapọ̀ tún ní ibi kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní EADA, níbi tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ti ń sọ lọ́dọọdún iye tí eré ìdárayá wọn ń pa àti iye tó ń ná, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀. Bí ẹ bá ní ọmọ obìnrin, ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí bóyá òfin Title IX ti 1972, tó ní kí ilé ìwé má ṣe fi ẹ̀tọ́ obìnrin dù ú, ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àbí ẹnu lásán ni. Kí ẹ sì wo bíìlì ọmọ yín kejì tí kì í ṣeré: ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, òun náà ń san owó eré ìdárayá lábẹ́ orúkọ kan tàbí òmíràn.

Fún àwọn tí ọmọ wọn ń bọ̀ láti ilé

Àbúrò ìyá mi kan ní Ìbàdàn ní ọmọ tó ga, àwọn kan sì ti ń gba owó "ìforúkọsílẹ̀" lọ́wọ́ rẹ̀ lórí WhatsApp. Gbogbo wa la mọ ìtàn Hakeem Ọlájuwọ́n tó kúrò ní Èkó lọ sí Houston ní 1980, ìtàn náà sì ni àwọn oníjìbìtì fi ń jẹun. Yunifásítì tó fẹ́ ọmọ ní tòótọ́ máa ń kọ̀wé láti àdírẹ́sì yunifásítì, kì í sì í gba owó kí ó tó fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ọmọ náà nílò kíláàsì 16 tí NCAA fọwọ́ sí láti ilé ìwé girama. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé èsì jọ kó tó wọ SS3.

Físà F-1 kò gba ọmọ láyè láti ṣiṣẹ́ bó ṣe wù ú. NIL tí ọmọ ará ilé yìí ń gbà pẹ̀lú ẹ̀rín lè ba ìwé ìgbélùú ọmọ tiyín jẹ́. Ẹ bá lọ́yà ìwé ìgbélùú sọ̀rọ̀ kó tó gba dọ́là kan. Kì í ṣe lọ́yà yunifásítì, nítorí yunifásítì ni ìyẹn ń ṣiṣẹ́ fún.

Ta ló jókòó sókè?

Mo ní kí n padà sọ́rọ̀ McNair. Ní August 2018, ààrẹ yunifásítì, Wallace Loh, jáde, ó ní yunifásítì gba ẹ̀bi náà, nínú òfin àti nínú ìwà. Ọjọ́ 30 October, ìgbìmọ̀ àwọn regent, tí gómìnà ń yàn láti máa darí yunifásítì ìjọba, ní kí akọ́nimọ̀ọ́gbá DJ Durkin, tí wọ́n ti dá dúró láti August, padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pariwo, àwọn aṣòfin pariwo, gómìnà náà sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, Loh lé akọ́nimọ̀ọ́gbá náà láìka ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ sí. Lọ́jọ́ kẹta, alága ìgbìmọ̀ fi ipò sílẹ̀. Ìdílé McNair gba mílíọ̀nù 3.5 dọ́là ní 2021, àwọn aṣòfin ní Annapolis sì ṣe òfin kan lórúkọ ọmọ náà lọ́dún yẹn, tó ní kí yunifásítì ìjọba ní Maryland ní ìlànà lórí ooru, ìfarapa orí àti ẹ̀jẹ̀ AS.

Ẹ wo bó ṣe tò. NCAA kọ́ ló ṣe é, conference kọ́ ló ṣe é. Ará ìlú ló bínú, aṣòfin ìpínlẹ̀ ló gbọ́. Nítorí náà ẹ lọ ka orúkọ ìgbìmọ̀ yunifásítì tí ọmọ yín fẹ́ lọ. Àwọn mélòó ló ní àpótí VIP ní pápá ìṣeré? Dókítà mélòó ló wà nínú wọn? Ìpàdé ìgbìmọ̀ yunifásítì ìjọba kì í ṣe ìpàdé bòńkẹ́lẹ́, àfi ibi tí òfin bá gbà wọ́n láyè láti tilẹ̀kùn. Ẹ lè wọlé jókòó.

Ti orílẹ̀-èdè náà kò dùn mọ́ mi nínú. College Sports Commission tó ń ṣọ́ owó lẹ́yìn House, àwọn conference ńlá ló dá a sílẹ̀ fúnra wọn. Ológbò ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ ẹja. Ní December 2020, Knight Commission, ìgbìmọ̀ tó ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí yí láti 1989, dábàá pé kí wọ́n yọ football ńlá kúrò lábẹ́ NCAA, kí ó ní àjọ tirẹ̀, nítorí pé owó ìdíje àṣekágbá football kì í tilẹ̀ gba ọwọ́ NCAA kọjá. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ẹgbẹ́ ọmọbìnrin tó ń sáré 400 mítà kò yẹ kó máa fò lọ ìpínlẹ̀ tó jìnnà ní ọjọ́ Wednesday torí pé football nílò tẹlifíṣọ̀n.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí aṣòfin yín, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta péré: kí dókítà eléré má ṣe wà lábẹ́ ẹ̀ka eré ìdárayá, kí àwọn eléré ní ìjókòó àti ìbò nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin fún wọn, kì í ṣe kí wọ́n kàn máa gbọ́ èrò wọn, kí ìwé àdéhùn owó gbogbo eléré ní yunifásítì ìjọba ní ọjọ́ méje tí ọmọ fi lè lọ bá lọ́yà kó tó buwọ́ lù ú. Ẹ kọ orúkọ àdúgbò yín sísàlẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ń dìbò níbẹ̀. Ẹni tí kò tíì lè dìbò náà ń sanwó orí, kó kọ ìyẹn. Ní Maryland, January sí April ni wọ́n ń jókòó. Èmi máa ń fi tèmi ránṣẹ́ ní December, kí iṣẹ́ tó wọ̀ wọ́n lọ́rùn.